Ọwọ́ Bọ̀dá Télọ̀ Tó Ń Ṣòjò

Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ẹni tó bá ń din àkàrà níwájú ilé láti ìdájí, ojú ẹ̀ kò lè fọ́, etí ẹ̀ kò sì lè di. Gbogbo ẹni tó bá jáde nínú àgbàlá wa ní Òkè-Àdó yìí, iwájú agbada mi ló ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì dúró ra àkàrà igba náírà, ọ̀rọ̀ tó máa sọ á tó ti ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, tí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa òógùn Bọ̀dá Télọ̀, ẹ má pè é ní òfófó. Ẹ pè é ní ìròyìn.

Nígbà tó kó dé yàrá tó kángun sí kànga, ọmọ tó mọ̀wàá hù ló jọ lójú gbogbo wa. Ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alhájì Landlọ́ọ̀dù láràárọ̀, ó ń bá mi gbé ọpọ́n, ó sì máa ń san owó àkàrà kó tó jẹ ẹ́, ìwà tó ti wọ́n láyé ìsinsìnyí. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: kì í bọ èèyàn lọ́wọ́. Tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá na ọwọ́ sí i, ẹ̀ṣẹ́ ni yóò dì, yóò fi kàn wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ fún un lówó, yóò ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí tábìlì. Ìyá Onílé ní ìgbéraga ni. Ìyá Elépo ní oògùn owó ni, pé èèwọ̀ ẹ̀ ni kí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ kan tẹlòmíràn. Ẹ ò gbọ́ lẹ́nu mi o, èmi kì í dárúkọ èèyàn.

Léèsì ìyàwó kan tí wọ́n gbé wá fún un rán ló tú àṣírí. Funfun báláú ni, Gbági ni wọ́n ti rà á, àwọn ẹbí ìyàwó sì ti sọ iye ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò kí wọ́n tó gbé e wá. Mo yà wò ó. Kì í ṣe ojúmìító, èmi ni mo máa din àkàrà ìdána wọn, ó yẹ kí n mọ àwọ̀ tí wọ́n máa wọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ bà mí lẹ́rù. Bọ̀dá Télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ, táwẹ̀lì kan wà lórí itan, òmíràn wà lọ́rùn, fáànù kọjú sí i, síbẹ̀ omi ń kán láti orí ìka ẹ̀, tó, tó, tó, sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bu omi, kò fọ nǹkan kan. Ó ti fi ọ̀rá wé gbogbo léèsì náà, ojú ibi tó ń rán nìkan ló ṣí sílẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó wà lórí tábìlì ti dípẹtà.

"Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"Ìyá Alákàrà, bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn."

Láti kékeré! Ó bá tú ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà tóun ṣe WAEC, áńkáṣíìfù lòun tẹ́ sábẹ́ ọwọ́ kí ìwé má baà fà ya, ẹni tó ń ṣọ́ wọn sì gba áńkáṣíìfù náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bóyá ìdáhùn wà nínú ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ BVN dé lọ́dún 2014, tí gbogbo ayé ń tò ní báńkì láti lọ tẹ ìka, ẹ̀rọ kọ̀ láti gba ìka tiẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀ ní kó nu ọwọ́. Ó nù ún. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún nù ún, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ráhùn, bí wọ́n sì ṣe ń ráhùn ni omi ń pọ̀ sí i. Bó ṣe rí fún bàbá ẹ̀ náà nìyẹn, awakọ̀ ni lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, táwẹ̀lì ló máa ń wé mọ́ sítíárìn. Gbogbo ilé rò pé oge ni bàbá ń ṣe.

Èmi náà ń làágùn o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Tí ẹ bá dúró ti epo gbígbóná láti òwúrọ̀, ẹ ó mọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Múṣín sọ pé ti Èkó tún burú ju ti Ìbàdàn lọ, òótọ́ sì ni, nítorí pé omi ti kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, òógùn kò wá rí ibi tó máa gbẹ lọ, àfi kó máa ṣàn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ lè làágùn púpọ̀ kí ẹ má tiẹ̀ mọ̀, torí atẹ́gùn ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n tèmi ní ìdí. Tí mo bá ti pa iná, tí mo jókòó, tí mo fẹ́ abẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ó parí. Ti ọmọkùnrin yìí, fáànù ń fẹ́, ó ń dà. Òjò ń rọ̀, ó ń dà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ṣiṣẹ́ ní UCH títí tó fi fẹ̀yìn tì, ni mo lọ bá. Mo kàn sọ fún un ni, n kò pariwo. Bí gbogbo àgbàlá ṣe wá gbọ́ kó tó dìrọ̀lẹ́, ẹ bi Ìyá Elépo. Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ wá, èrò ti jókòó yí Bọ̀dá Télọ̀ ká, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọmọ dáadáa tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Alhájì Landlọ́ọ̀dù náà jáde, ó ní ṣé kì í ṣe pé òógùn yìí máa ba sìmẹ́ǹtì ilé òun jẹ́, pé ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lòun mọ̀ tó ń rin báyìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Alhájì, ẹlẹ́dẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ làágùn rárá. Torí pé kò rí òógùn fi tu ara ẹ̀ lára ló ṣe ń yí nínú ẹrẹ̀."

Ojú ti Alhájì. Ẹni tí kò tíì sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ rí, níbo ló ti fẹ́ mọ̀? Ó ní ajá ńkọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ajá ń làágùn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, àmọ́ ahọ́n tó ń yọ síta ló fi ń tu ara. A lo àkókò púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹran kí á tó padà sórí ọ̀rọ̀ èèyàn.

Ó wá là á yé wa pé ẹṣẹ́ òógùn, ìyẹn ibi tí ara ti ń pèsè òógùn, tó wà lára èèyàn kan tó mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4. Ooru ló ń mú ti ẹ̀yìn àti àyà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ọkàn ni wọ́n ń tẹ̀ lé ju ooru lọ: ẹ̀rù, ìtìjú, ìdánwò, àna. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ gbogbo wa fi máa ń rin díẹ̀ tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró. Ní ti Bọ̀dá Télọ̀, ẹṣẹ́ ẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ bá ẹṣẹ́ náà ló ń ṣe àṣejù, ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n rán lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan, tó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ìdọ̀tí ńbẹ̀, kò sí èpè. Àwọn dókítà ń pè é ní hyperhidrosis. Mo gbìyànjú láti pè é, eyín mi ò gbà fún mi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bọ̀dá Télọ̀ léèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan ni àbí méjèèjì? Méjèèjì, àti ẹsẹ̀. Ta ló tún ń ṣe nínú ẹbí? Bàbá. Ó ní, "Tó o bá ti sùn ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń rin?"

Bọ̀dá Télọ̀ ní báwo lòun ṣe máa mọ̀, nígbà tóun ti sùn.

Àfi bí Àǹtí Onílẹ̀kẹ̀, tó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, ṣe là á mọ́lẹ̀ pé, "Rárá o! Gbígbẹ ló máa ń gbẹ."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo àgbàlá lẹ́nu. Àkàrà tó wà nínú epo mi jóná, n kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà ní ohun tóun gbọ́ ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Ẹni tó ń sùn ló sọ fún un ni? Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti rí ayé, wúkọ́ díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Irú òógùn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọdún 25, ó máa ń ṣe apá ọ̀tún àti tòsì bákan náà, ó máa ń wà nínú ẹbí, tí oorun bá sì ti gbé ẹni náà lọ, á dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olófòófó.

Èyí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn ni pé gbogbo èèyàn ló wá rántí tara wọn. Tíṣà tó ń gbé yàrá àárín ní ti òun, abíyá ni. Ṣé a kò mọ̀ ni? Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ní máàpù Áfíríkà lábẹ́ apá. Lọ́fínńdà ló máa ń dà sí i, tó bá ti dọ̀sán, òórùn lọ́fínńdà àti ti abíyá á jọ máa jà nínú yàrá ìkàwé. Ẹnìkan ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ó fi pa á, ó bọ́ sínú oòrùn níbi eré ìdárayá àwọn ọmọ ilé ìwé, oje ẹ̀ ti ṣàn dé apá àti ìhà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ti lé ròrò, lẹ́yìn náà ó dúdú kirikiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oje ọsàn àti oòrùn kì í bára wọn ṣeré lára èèyàn, wọ́n máa ń bó awọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òógùn fúnra ẹ̀ kò lóòórùn kan tó ṣe gbòógì. Abíyá ní irú ẹṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tiẹ̀ ki díẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí tó ń gbé lára wa ló ń jẹ ẹ́, ohun tó ń jáde lẹ́yìn oúnjẹ wọn ló ń rùn. Mo ní ká má sọ̀rọ̀ oúnjẹ níwájú àkàrà mi.

Ó wá bi Tíṣà pé irú rólọ́ọ̀nù wo ló ń lò. Tíṣà gbé e jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní èyí ń lé òórùn nìkan, kì í dá òógùn dúró. Èyí tí wọ́n bá kọ antiperspirant sí lára ló ń dá a dúró, torí iyọ̀ aluminium wà nínú ẹ̀, òun ló ń lọ dí ẹnu ibi tí òógùn ń gbà jáde. Aluminium yìí náà ló wà nínú álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà. Mo wo Ìyá Elépo, ó ń mi orí, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Irọ́ ni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àsìkò. Òwúrọ̀ ni gbogbo wa ń pa rólọ́ọ̀nù, bí a bá ti ń jáde nínú balùwẹ̀, tí ara ṣì tutù. Alẹ́ ni ká pa á, sí abíyá tó gbẹ dáadáa, nígbà tí òógùn ti rọlẹ̀, kó lè rí àyè wọlé. Ká wá fọ̀ ọ́ kúrò ní òwúrọ̀. Èyí tó lágbára, tí aluminium chloride inú ẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100, tó bá kan omi lára, ó máa ń di ásíìdì díẹ̀, òun ló fi ń yún tó sì ń ta èèyàn. Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á tó. Tíṣà tí ń pariwo pé rólọ́ọ̀nù kì í ṣiṣẹ́ lára òun, ó gba ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, n kò rí máàpù mọ́.

Bọ̀dá Télọ̀ ní òun ti gbọ́ ti ẹ̀rọ kan lórí fóònù, tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ inú abọ́ omi méjì, tí iná sì ń gba inú omi náà kọjá. Òótọ́ ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ náà wà, iná tó kéré gan-an ló ń lò, bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ọjọ́ bíi mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì ń ran àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́. Aboyún kì í lò ó, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kì í lò ó. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bọ̀dá Oníwáyà fi dìde. Ó ní kí lowó ẹ̀? Kí wọ́n fún òun ní abọ́ méjì àti wáyà, òun á ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ṣe wáyà balùwẹ̀ wa tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí omi ẹ̀rọ ni iná ń gbé! A ké lé e lórí, Alhájì fúnra ẹ̀ gba wáyà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní irú oníwáyà yìí ládùúgbò, iná tó wà lára ògiri ń pa èèyàn nínú omi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà nìkan ni o.

Abẹ́rẹ́ tún wà. Èyí tí àwọn olówó fi ń na ojú, botulinum, òun náà ni wọ́n ń gún sí abíyá, á dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́. Láti ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún òógùn abíyá. Bí oṣù mẹ́fà ló ń tó, lẹ́yìn náà a ó tún san owó. Mo bi í pé èló, ó ní kí n máa din àkàrà mi.

Iṣẹ́ abẹ náà sì wà, wọ́n á ki irinṣẹ́ bọ inú àyà, wọ́n á gé iṣan tó ń rán ọwọ́ níṣẹ́. Mọ̀lẹ́bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kan ṣe é ní London. Ọwọ́ ẹ̀ gbẹ fúú. Àmọ́ òógùn náà kó ẹrù, ó gba ẹ̀yìn lọ, ìsinsìnyí ẹ̀yìn àti ikùn ẹ̀ ló ń rin gbingbin, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè so ohun tí wọ́n gé padà. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ lọ̀ ní àkọ́kọ́, kó sáré.

Ìgbà tí Bàbá Káfíńtà dá sí i ni ojú Àǹtí Nọ́ọ̀sì yí padà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti wọ ẹgbẹ́ olóógùn, pé lálaalẹ́ ni bẹ́ẹ̀dì òun ń rin, tóun á dìde pààrọ̀ ẹ̀wù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà wo? Ó ní ó ti ń lọ sí oṣù méjì. Ó ń wúkọ́? Ó ń wúkọ́. Ẹ̀wù ẹ̀ náà ti ń fẹ̀ sí i lára, a rò pé àìjẹun ni. Ó ní Bàbá, tìrẹ yàtọ̀ pátápátá. Òógùn tó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì lágbà, tó ń jáde ní gbogbo ara, tó ń jí èèyàn lójú oorun, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Àìsàn kan ló wà nídìí ẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló mú un lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní oògùn ẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà gbáko ló fi lò ó, ó parí ẹ̀, ó sì tún ń lu ìṣó sí wa létí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ Bọ̀dá Télọ̀, ta ni ì bá mọ̀? Ẹ ṣì ń sọ pé òfófó kò dáa.

Alhájì náà ní tiẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà. Nínú oṣù Ràmádáànì kan, ó lo oògùn ẹ̀ láìjẹ sààrì, nígbà tó di ọ̀sán, òógùn tútù bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀sọkúsọ. Ṣúgà ara ẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Omi ṣúgà ni wọ́n fi gbà á là, ó ń bínú pé wọ́n ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Ti Ìyá Onílé, ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé èmi ni mo wí: nǹkan oṣù wọn ló ń dá, ooru á kàn gbéra láti àyà dé ojú, wọ́n á ní kí gbogbo wa pa ìkòkò, pé iná ìdáná wa ni. Táyírọ́ìdì tó wà lọ́fun, tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó ń fa òógùn. Tramadol náà ń fà á, àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan. Tí òógùn tútù bá sì bá àyà dídùn wá pọ̀, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni ká wá, ká má dúró gbọ́ ìtàn ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi.

Ká padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Télọ̀: dókítà awọ ara fún un ní oògùn aluminium yẹn láti máa fi pa ọwọ́ lálẹ́. Ó dín in kù, kò tó, torí awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn ju ti abíyá lọ. Wọ́n fi hóró oògùn oxybutynin díẹ̀ kún un. Ìyẹn ń gbẹ èèyàn lẹ́nu, píọ̀ wọ́tà kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣiṣẹ́ pẹ́ nínú oòrùn, torí ara tí kò bá rí òógùn tú jáde lè gbóná kọjá ààlà. Ọwọ́ ẹ̀ kò gbẹ tán. Ó ń tutù, kì í kán mọ́. Ó rán léèsì náà parí láìsí ọ̀rá, ó sì bọ bàbá ìyàwó lọ́wọ́ nígbà tó ń gba owó iṣẹ́.

Ìgbéyàwó tiẹ̀ náà kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, n kò mọ ẹni tó sọ fún wọn, ni wọ́n bá rán ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ wá béèrè bóyá àwọn ọmọ náà á máa ṣe irú ẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò purọ́ fún wọn, ó ní ó lè mú òmíràn, ó lè fo òmíràn. Ìyá àgbà náà yíjú sí Àǹtí Onílẹ̀kẹ̀, ó ní ṣó o gbọ́? Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n kọ táwẹ̀lì méjìlá kún ẹrù ìdána.